Ibo ni ìlú náà parí sí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àkójọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ìlú tó tóbi jù ní Nàìjíríà, mo sì rí i pé ariwo tó tẹ̀ lé e kò tíì rọlẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ní ẹ rẹ́ àwọn jẹ. Àwọn ará Èkó ní ẹ ò ka àwọn pé. Ẹnì kan láti Kánò tilẹ̀ kọ̀wé pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi ò wá gbèjà ìlú kankan. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú yín ni pé ẹ to ìlú mẹ́wàá tẹ̀ léra, ẹ kọ iye èèyàn síwájú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì sọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ ò sọ ọdún tí wọ́n kà wọ́n. Ẹ ò sọ bóyá wọ́n kà wọ́n lóòótọ́ àbí ẹnì kan kàn fojú bù ú.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìbàdàn àti Èkó, torí ìjà tiwọn ló pẹ́ jù. Nínú ìkànìyàn 1952, Ìbàdàn ní èèyàn 459,196, Èkó ní 267,407. Kò sí iyàn jíjà níbẹ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn bàbá wa nílé ìwé nìyẹn, àwọn náà fi kọ́ wa, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣì ń gbọ́ ọ lónìí lẹ́nu ọmọ Mesí Ọ̀gọ̀ tí kò tíì pé ogún ọdún, pé kò sí ìlú tó tó Ìbàdàn ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó fi máa di 1963, Èkó ti di 665,246, Ìbàdàn 627,379. Èkó ti gba iwájú.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n pè ní Èkó lọ́dún 1963? Ilẹ̀ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ nìkan ni: Erékùṣù Èkó, Ìkòyí, Àpápá, Ẹ̀búté Mẹ́ta, Yábàá, Súrùlérè àti agbègbè wọn. Múṣín kò sí níbẹ̀. Ìkẹjà kò sí níbẹ̀, Agége àti Ṣómólú náà kò sí níbẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni gbogbo àwọn wọ̀nyẹn wà, ibo sì ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fìdí kalẹ̀ sí? Ìbàdàn kan náà! Ẹni tó ń sùn ní Múṣín, tó ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Marina ní Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́, Ìbàdàn ló ń ṣèjọba lé e lórí. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ó di ará Èkó. Kò di ẹrù, kò ṣí kúrò nínú yàrá rẹ̀. Ààlà ló ṣí.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Márùn-ún wà nínú ìgboro, mẹ́fà yòókù yí wọn ká: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Tí ẹ bá ka márùn-ún ìgboro nìkan nínú ìkànìyàn 2006, ẹ ó rí èèyàn bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ẹ bá ka mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Èwo ni Ìbàdàn nínú méjèèjì? Ẹni tó bá sọ pé ìgboro nìkan ni, á jẹ́ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú náà. Láti ayé Olúyọ̀lé ni ọmọ Ìbàdàn ti ń ní ilé méjì, ọ̀kan ní agboolé bàbá rẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba tàbí Mápó, èkejì ní abà tó ti ń dáko. Abà ló ń sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ìgboro ló ń wá ṣọdún, ibẹ̀ ló ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí. Bí ẹ bá bi í níbi tó ń gbé, á ní Ìbàdàn, kò sì purọ́. Àwọn òyìnbó onímọ̀ jiyàn títí lórí pé ṣé ìlú ńlá nirú èyí àbí abúlé tó fẹ̀ lójú. Iyàn wọn kò kan ẹni tó ń ti abà bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àmọ́ ó kan ẹni tó fẹ́ fi nọ́ńbà sí inú àkójọ, torí akànìyàn kò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó bá bá a náà ló ń kọ ọ́ sí.

Òmíràn tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ìbàdàn máa ń sọ pé bí Èkó bá fi èèyàn jù wọ́n, ilẹ̀ tiwọn ló fẹ̀ jù. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá Ìbàdàn fẹ̀ tó 3,080 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀ jẹ́ 3,577. Ó jọ pé Èkó ló borí, àbí? Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún Ìpínlẹ̀ Èkó, omi ni, ọ̀sà àti àwọn odò kéékèèké. Ẹ yọ omi kúrò, Ìbàdàn borí. Ẹ dá a padà, Èkó borí. Bóyá kí wọ́n lọ bi àwọn ará Mákòkó, tí wọ́n kọ́lé sórí ọ̀sà Èkó, léèrè bóyá omi jẹ́ ara ìlú.

Kánò wá ńkọ́? Lọ́dún 2006, Àjọ Elétò Ìkànìyàn ní èèyàn 9,113,605 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ti Ìpínlẹ̀ Kánò lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ogún ọ̀kẹ́, Kánò sì ṣaájú. Ìjọba Èkó, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, ti ṣe kíkà tirẹ̀, wọ́n ní 17,552,942 làwọn rí. Ìyàtọ̀ tó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, láàárín ìjọba méjì tó ka ilẹ̀ kan náà lọ́dún kan náà! Mi ò ní sọ ẹni tó jàre. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀, iye èèyàn kó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí gómìnà tó máa fẹ́ kí tirẹ̀ kéré. Láti ìgbà yẹn, àwọn kan ti ń kọ ọ́ káàkiri pé ìlú Kánò tóbi ju ìlú Èkó. Ẹ dákun, ìpínlẹ̀ àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, wọn ò wọn ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Kánò, Rano àti Gwarzo àti Sumaila wà nínú wọn, ibi tí àgbàdo àti jéró ti ń hù. Ìlú Kánò gan-an kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta nínú ìkànìyàn kan náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Alágbọlé ni mò ń gbé. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ lè rìn láti ilé wa dé Ọjọ́dú Berger, ní etí ààlà Èkó, kí òógùn tó gba aṣọ rẹ̀. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Èkó làwọn ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé, tí mọ̀lẹ́bí bá sì pè mí láti òkè òkun tó bi mí níbi tí mo wà, Èkó ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ni Alágbọlé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lójú ìwé, ará Ògùn ni mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àkúte, bẹ́ẹ̀ náà ni Arépo, Ìbafò àti Mowe ní ojú títì Èkó sí Ìbàdàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Sàǹgó àti Ọ̀tà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí ẹ wá dúró sí Berger, kí ẹ wo ogunlọ́gọ̀ tó ń wọ ibẹ̀ látòdì kejì ààlà, kí ẹ wá bi ara yín léèrè bóyá a wà nínú iye tí ẹ kọ síwájú Èkó. Ní ìdàkejì, àwọn abúlé apẹja lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ àti àwọn oko àgbọn tó wà lọ́nà Bàdágìrì wà nínú rẹ̀ pátápátá, torí pé Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n. Ìlà kan náà ló kó oko wọlé tó sì ti ìgboro síta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jakarta ní Indonesia nìyí, òun ló sì mú kí n kọ̀wé yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń fi Tokyo ṣáájú gbogbo ìlú ayé, pẹ̀lú èèyàn mílíọ̀nù 37. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, Jakarta kò tilẹ̀ sí láàárín ogún àkọ́kọ́, torí kìkì ibi tí gómìnà Jakarta ń ṣèjọba lé lórí ni wọ́n kà, èèyàn ibẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Jakarta bọ́ sí ipò kìíní lágbàáyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 42. Dhaka ṣe ìkejì, Tokyo bọ́ sí ìkẹta pẹ̀lú mílíọ̀nù 33. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, Cairo nìkan ni kì í ṣe ti Éṣíà. Ọgbọ̀n mílíọ̀nù èèyàn kò ya wọ Jakarta láàárín ọdún méje. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni wọ́n yí padà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kìlómítà kan lóròó, kìlómítà kan níbùú. Èyí tí èèyàn 1,500 ó kéré tán bá ń gbé inú rẹ̀, tó sì fara kan èkejì bẹ́ẹ̀, títí àpapọ̀ wọn fi tó 50,000, ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n pè é, wọn ò wo ti gómìnà tàbí alága ìbílẹ̀ mọ́. Bekasi, Depok, Tangerang, tí wọ́n jẹ́ Alágbọlé àti Àkúte tiwọn, wọlé.

Ó wù mí lóòótọ́, ọ̀nà tuntun yìí. Ó sàn ju kí wọ́n ka Chongqing ní ṣáínà sí ìlú mílíọ̀nù 32, nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi orílẹ̀-èdè Austria, tí òkè àti oko ìrẹsì sì kún ibẹ̀. Ó sàn ju ìwé òfin ìlú ọba lọ pẹ̀lú, níbi tí “City of London” kò ju ilẹ̀ kìlómítà onígun mẹ́rin bíi mẹ́ta lọ, tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tó 10,000 nínú ìkànìyàn 2021, nígbà tí London tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 8.8 nínú ìkànìyàn kan náà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham kò sí nínú èyí àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí ẹ kàn máa da iye ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ, kí ọ̀rọ̀ parí. Sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ń wo ibi tí ilé wà lè rí òrùlé, kò lè rí iye àwọn tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Iye èèyàn tí wọ́n ń pín sínú àwọn igun wọ̀nyẹn, inú ìkànìyàn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ti ń wá, ìkànìyàn tiwa tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti 2006. Wọ́n ṣètò òmíràn sí 2023, ìjọba Buhari sún un síwájú kí ó tó gbéra. Ìyẹn ni pé gbogbo iye tí ẹnikẹ́ni bá kọ lónìí síwájú Èkó, Ìbàdàn tàbí Kánò, ìṣirò orí ìwé ni, tí wọ́n fi ìdàgbàsókè àròsọ lé kíkà àtijọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ìṣirò, bí ẹ bá ti sọ fún wa pé ìṣirò ni.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá tún to ìlú, ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan: ọdún wo ni, kíkà ni àbí ìṣirò, ilẹ̀ wo ló sì kàn. “Ìbàdàn, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá, ìkànìyàn 2006.” “Èkó, ìpínlẹ̀ nìkan, Ògùn kò sí níbẹ̀.” Kò ju ìlà kan lọ. Bí ẹ bá sì ní ojú ewé kò gbà á, ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Third Mainland Bridge tí ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i. Mẹ́ta ni mo kà níbẹ̀, afárá kan náà ni gbogbo wọn.

Emi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Alágbọlé, Ìpínlẹ̀ Ògùn.