Lẹ́tà sí Màmá Àgbà ní Òkè-Òoyè, Iléṣà

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n ni mo ní kó ka lẹ́tà yìí fún yín, kó má sì fo ibì kankan nínú rẹ̀.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni mò ń lọ ní Họ́láǹdì. Mi ò dáhùn nítorí mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà yín ní pálọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé mi ò lọ sí ìkankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sunkún. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ mi. Láti yunifásítì ní Ifẹ̀ ni àdúrà ti ń kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀. Inú ò bí mi sí ẹnikẹ́ni, mi ò kàn gbà mọ́ pé ẹnì kan ń gbọ́ mi ni. Mo sì dákẹ́, nítorí mo mọ ilé tí mo ti jáde. Ìyá yín wà lára àwọn tó ru ìkòkò omi lọ sí Òkè-Òoyè ní 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń gbàdúrà sómi, tí èrò ń wọ́ wá sí Iléṣà láti ọ̀nà jíjìn. Ìtàn yẹn lẹ fi tọ́ wa dàgbà.

Ẹ̀rù náà sì bà mí. Ẹ̀yin náà gbọ́ nípa Mubarak Bala, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn humanist ní Nàìjíríà nígbà náà, ìyẹn àwọn tó gbà pé èèyàn lè ṣe rere láìgba Ọlọ́run gbọ́, tí ilé ẹjọ́ kan ní Kánò rán lẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022 nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ sórí Facebook. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù, ó sì jáde ní 2025. Mo mọ̀ pé Iléṣà kì í ṣe Kánò. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí irú èyí á ṣọ́ ẹnu rẹ̀, àní láàárín ẹbí.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí mo máa ń wà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọsibítù kan wà ní Utrecht tó ní ilé àdúrà nínú. Àwọn aláìsàn tí kò lè rìn, àwa tá a yọ̀ǹda ara wa la máa ń lọ gbé wọn ní wọ́ọ̀dù, a ó ti bẹ́ẹ̀dì wọn wọ inú ẹ̀rọ agbéniròkè títí dé iwájú pẹpẹ. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn títí ìsìn á fi parí. Bí ìwé orin bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, màá bá a mú un. Mi ò kọrin, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn pé wọ́n rí orin wọn kọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rí rí nílé. Ní ọsibítù, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ní bárékè sójà níbí, bí àlùfáà àti ìmáàmù ṣe wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń tọ́jú ọkàn àwọn tí kò ní ẹ̀sìn wà. Humanist ni wọ́n ń pe irú wọn. Yunifásítì kan wà ní Utrecht níbí láti 1989 tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Mo rí ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí dókítà ti ní kò lè pẹ́ mọ́. Awakọ̀ ojú omi ni bàbá náà. Obìnrin yìí kò gbàdúrà, kò sì ṣèlérí ọ̀run kankan. Ó bi í léèrè odò tó fẹ́ràn jù, ó bi í ta ló fẹ́ kí wọ́n pè, ó bi í ohun tó ń bà á lẹ́rù lóru. Bàbá náà sọ̀rọ̀ títí. Ó dárúkọ ọmọ kan tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tipẹ́. Wọ́n bá a wá ọmọ náà, ó sì dé kí bàbá tó kú.

Màmá, ẹ̀yin ni mo rí nínú obìnrin yẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ fi ń lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní Wesley, ọsibítù wa ní Iléṣà, tẹ̀yin ti ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín àti ọṣẹ. Mo máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé yín. Ẹ kì í béèrè bóyá Mùsùlùmí ni obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó bù fún un.

Wesley yìí kan náà ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, wá ṣiṣẹ́ láti 1956. Ó rí i pé àìjẹunre-kánú àti èèyi ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi ìlà sàmì sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń mú káàdì náà lọ tọ́jú sílé. Bí ìlà bá ń wálẹ̀, ìyá àti nọ́ọ̀sì á ti rí i kí ọmọ tó dùbúlẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Òun lẹ tọ́jú ti àwa náà sínú àpótí. Onígbàgbọ́ ni Morley, mi ò ní fi èyí pa mọ́ nítorí kí ọ̀rọ̀ mi lè gún. Àmọ́ ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ babaláwo ni òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tai Solarin, tó sọ ní gbangba pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, tó sì fi ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run kò lè ṣeun. Ẹ wo bàbá yẹn, Màmá.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan ní Amsterdam ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ata wá fún mi, èmi tí mi ò ti ẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn rí. Àwọn tá a jọ gbà pé kò sí Ọlọ́run fi iṣẹ́ kí mi lórí fóònù. Ènìyàn rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ bí a ṣe ń jẹ́ ará ilé fún ara ẹni. Àwa tí kò gbàgbọ́ ní láti kọ́ èyí lọ́wọ́ yín, mo sì ti ń bá wọn sọ ọ́: ká máa ṣètò oúnjẹ, ká pín ara wa sí ọjọ́ àbẹ̀wò.

Nínú agbo ilé wa, Bàbá Àgbà ń bọ Ògún títí ó fi kú. Àbúrò wọn lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀yin wà ní Òkè-Òoyè. Wọ́n jọ sin òkú ni, wọ́n jọ jẹun ọdún. Ààyè tí ẹ fún Ògún àti Mẹ́kà ni mò ń tọrọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún mi, ẹ gbà á. Ẹ má ṣáà dárúkọ mi pẹ̀lú àwọn tó sọnù.

Mò ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà. A ó jọ lọ sí Wesley ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin á gbàdúrà fún àwọn tó bá fẹ́, èmi á gé èékánná, màá sì di irun fún àwọn tó bá fẹ́. Ẹ bá mi bi sístà wọ́ọ̀dù ohun tí wọ́n nílò jù, ẹ̀gbọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí n tó di ẹrù.

Ọmọ yín ní Utrecht