Àbẹ̀ní, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sìnkú odò

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Àbẹ̀ní mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò yọ yín lẹ́nu jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyàwó àbúrò mi ti bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Owó mọ́tò ti wọ́n sí i. Wọ́n ti kun iwájú ilé yín ní ọ̀dà tuntun. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́ta.

O rántí eré tí mo sọ fún ẹ lórí fóònù, pé mo fẹ́ sìnkú odò Ọ̀ṣun. Mo ti múra ẹ̀ tán. Èmi àti àwọn ọmọ mẹ́fà tí mo ń kọ́ ní àdìrẹ, a ó gbéra láàárọ̀ ní Ọláìyá, a ó gbé pósí òfìfo, a ó gba Ọjà Ọba kọjá, a ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ẹnu Igbó Ọ̀ṣun. Aṣọ funfun tí odò fúnra ẹ̀ pa láró la máa wọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti aṣọ yẹn fún ẹ. Mo mú ọ̀pá mẹ́rin, irú èyí tá a máa ń rà fún àdìrẹ, mo rì í sínú Ọ̀ṣun, mo fi òkúta tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti ń lọ jẹ́jẹ́, mo sì jókòó tì í fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìwọ náà mọ̀ pé tó bá jẹ́ aró ni, a máa rì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó mu ún dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ti odò yìí. Mo sá a. Nígbà tó gbẹ, ó gan, mo sì gbọ̀n ọ́n, ni eruku tó kúnná bíi lẹ́búlẹ́bú bá ń bọ́ láti ìṣẹ́tí ẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Àbẹ̀ní, omi tí Màmá yín máa ń bù sínú kèrègbè fún wa lọ́jọ́ ọdún nìyẹn o, tí wọ́n á ní ká fi bọ́jú kí orí wa lè tutù. Mo sunkún nídìí okùn aṣọ yẹn.

Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ sínú omi. Ẹrẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣàn wá bá wa. Lọ́dún 2022 ìjọba fúnra wọn kìlọ̀ pé kí àwọn tó wá sọ́dún má mu omi Ọ̀ṣun. Bẹ́ẹ̀ láti 2005 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, ti kọ Igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ère sìmẹ́ǹtì inú Igbó tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó tó di olórìṣà yẹn, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí mọ, tí òjò bá jẹ ẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Ta ló ń tún omi ṣe? Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé òkú ni nìyẹn, ká sin ín ní gbangba, kójú ti ẹni tó pa á.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé pósí òfìfo kiri ìgboro, ta ló fẹ́ kó wọnú ẹ̀? Wọ́n ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ò dùn mí, àdúrà ò pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ìyá olọ́ṣun kan, ọ̀rẹ́ Màmá yín, ránṣẹ́ pè mí. Wọn ò bínú rárá. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n jẹ́ kí n mu ún tán, wọ́n wá ní, "Wọ́n ní o fẹ́ sìnkú. Òkú ta?" Mo ní odò. Wọ́n ní, "Ta ló tufọ̀ ẹ̀ fún ẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní, "Aláìsàn ló wà níbẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ kí aláìsàn, ṣé aṣọ òkú lẹ máa ń rà lọ́wọ́?"

Àtìgbà yẹn ni *Ọba Kò So*, eré Dúró Ládipọ̀ nípa Ṣàngó, ti ń yí lọ́kàn mi. Ìlú tó ti dá Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà yẹn, sílẹ̀ lọ́dún 1962 ni tiwa. Ní 1963 ló gbé eré yẹn jáde, nígbà tó sì di 1964 wọ́n ti ṣe é ní Berlin tó o wà yẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ṣàngó lọ sídìí igi àyàn. Síbẹ̀ wọ́n ń ké pé ọba kò so. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ìtìjú ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbà pé ọba so, iṣẹ́ ẹ̀ parí: á sunkún, á relé. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń bẹ lọ́rùn ẹ̀.

Mo ti dá pósí padà fún káfíńtà. Ẹní la máa gbé báyìí, bí ìgbà téèyàn ń gbé aláìsàn lọ sílé oníṣègùn. A ó máa yà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan l'Ọ́jà Ọba, a ó máa tọrọ omi tó mọ́ fún aláìsàn wa. Mo mọ̀ pé píọ̀ wọ́tà ni wọ́n máa fún wa. Omi tí wọ́n fowó rà ni ará Òṣogbo máa fún Ọ̀ṣun mu. Mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ṣe tá a bá débẹ̀, bóyá màá dà á sódò ni o, bóyá màá kàn tò ó sétí omi.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. O rántí Jelili Atiku, oníṣẹ́ ọnà tó máa ń ṣeré ní gbangba yẹn. Ẹ̀bùn Prince Claus tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà láti Netherlands, tó gbà ní 2015, ò tíì tutù lọ́wọ́ ẹ̀ tí ọlọ́pàá fi wá gbé e ní Èjìgbò l'Ékòó, January 2016, nítorí eré tó ṣe ní ìta. Ìyẹn gbajúmọ̀ káyé. Ta ló mọ èmi?

Àbẹ̀ní, mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ tẹ́ aṣọ ọjà sórí ẹní yẹn. Aṣọ funfun Màmá ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ tẹ̀ lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá lọ́dún Ọ̀ṣun, tó wà nínú àpótí páànù ní yàrá wọn. Mo mọ̀ pé ìwé ẹ ò jẹ́ kó o lè wálé sìnkú wọn. Mo mọ̀ pé o ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí àpótí yẹn títí o fi máa dé. Mi ò ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ ẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú ìkòkò tí mo fi ń kó owó ẹyọ sí ni mo fi í pa mọ́ sí.

Tó o bá ní kí aṣọ náà má kan omi, kò ní kan omi. Tó o bá ní rárá pátápátá, àpótí á wà ní títì bó o ṣe fi í sílẹ̀, màá sì fi ìró tèmi tẹ́ ẹ. Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí la máa jáde. Pè mí lálẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Mi ò ní tíì sùn.

Ìyá mi ní kí n kí ẹ.

Èmi ni, Àyọ̀ká ẹ