Lẹ́tà sí bàbá mi, ẹni tó ń fi òòlù jí ojú irin

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, nígbà tí ẹ wà láyé pàápàá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́, torí ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ ohun tí mò ń wí.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti Ọ̀gá Tíṣọ́n, ọmọ-ọmọ yín, wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun lọ sí Ìbàdàn. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ náà ló ṣì ń jẹ́ nílé wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Èbúté Mẹ́ta la ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àga mọ́ tónítóní, ọmọ-ọmọ yín sì ti sùn lọ kí a tó dé Àgbádó. Èmi ò sùn. Mo tẹ́tí sílẹ̀ fún fàkà-fíkì, fàkà-fíkì, n kò gbọ́ ọ. Ọkọ̀ náà kàn ń yọ́ lọ bí ẹni pé orí omi ló wà.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó ní wọ́n ti jó àwọn irin náà pọ̀, kò sí àlàfo láàárín wọn mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ẹ fi hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo tẹ̀ lé yín lásìkò họlidé. Ẹ ki ìka bọ àlàfo kékeré tó wà láàárín irin méjì, ẹ ní, "Irin ń mí. Bí oòrùn bá mú un, á nà. Bí a ò bá fún un láyè, á lọ́ bí ejò."

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí lẹ máa ń jáde ní kóòtàsì wa l'Ọ́fà. Aṣọ kákí tí epo ọkọ̀ ti rin gbingbin, sípánà ní àpò, òòlù ọlọ́rùn gígùn yẹn léjìká, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nínú ọ̀rá. Ẹ̀ẹ́ máa fi ẹsẹ̀ rin ojú irin lọ, ẹ̀ẹ́ máa kan irin tó di ojú ọ̀nà mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dún "gán!", ẹ̀ẹ́ kọjá. Bó bá dún "dù", ẹ̀ẹ́ dúró, ẹ̀ẹ́ fi òòlù gbá a wọlé, ẹ̀ẹ́ tún kàn án wò. Mo bá yín kà á dé irinwó, ó rẹ̀ mí. Ẹ gbé mi kọ́rùn, ẹ ń kà á lọ. Ẹ ní, "Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò mọ̀ pé à ń kà."

Bí ẹ bá ti ṣe tán níbi iṣẹ́, ó di oko. Ọ̀sán, ìyá wa ń ta dùǹdú àti ẹja yíyan fún àwọn èrò ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ń kọ ebè tó tò gbọọrọ bí ojú irin. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí ilé ìwé. Mi ò ní fa ìyẹn gùn, ẹ̀yin náà kì í fà á gùn.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ bàbá, mo kọ "Akọ̀wé ní Rélùwéè". Ojú ń tì mí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa gbọ́ pé òòlù lẹ fi ń jẹun. Mo gbé e wá fún yín kí ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ mọ̀wé kà dáadáa, Bàbá. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú yín dúró lórí ìlà yẹn, ẹ wá gba bírò, ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ó sàn kí ẹ nà mí.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ-ọmọ di èrò ọkọ̀ yín. Ẹ̀ẹ́ tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní gbàgede, ẹ̀yin gan-an lorí ọkọ̀, gbogbo wọn á máa pariwo: Ìbàdàn! Òṣogbo! Ìkìrun! Ọ̀fà! Ìlọrin! Jẹ́bà! Ẹni tó bá gbàgbé Mínná, ẹ̀ẹ́ já a sílẹ̀ sínú ìgbẹ́, ìyẹn ẹ̀yìn ìkòkò omi. Ìyàwó mi máa ń ráhùn pé ẹ ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Ó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ báyìí.

Ojú irin tiyín fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Tuntun yìí jẹ́ 1,435. Òyìnbó gbé ti àkọ́kọ́ dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ìyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹfà ọdún 2021, ọgọ́fà ọdún láàárín wọn. A jọ gbọ́ ọ lórí rédíò. Gbogbo ilé ń yọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ bèèrè pé, "Ta ni yóò máa rin ín?" A rò pé ọjọ́ ogbó ló ń sọ̀rọ̀.

Bàbá, wọ́n ń rin ín. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, mo rí ọkùnrin méjì nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wo irin. Kò sẹ́ni tó yíjú wò wọ́n nínú ọkọ̀. Mo jí Ọ̀gá Tíṣọ́n, mo ní, "Wò ó, iṣẹ́ Bàbá Àgbà nìyẹn." Ṣùgbọ́n a ti kọjá.

Láti ìgbà tí a ti délé ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fi òòlù yín han òun. Mo gbé e kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn lónìí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbé e dé orúnkún, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún mú un. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ọmọ yín ni mí, ọmọ olóòlù.