Sí Ìyá Ìbejì, láti Ọ̀fà

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Òtútù Calgary ò ti gbé yín mì? Níbí, a dúpẹ́. Ọ̀dùnkún ti kún ọjà Owódé bámúbámú.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. O ní ìwé ìgbélùú yín kò tíì jáde, ó ti sú ọ, bóyá Ọlọ́run ti gbójú kúrò lára yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. N kò lè fi ohùn fèsì, torí n ò fẹ́ kí o gbọ́ ẹkún lẹ́nu mi.

Jọ̀ọ́, ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 8, ẹsẹ 1 sí 6. Wọn kì í sábà wàásù níbẹ̀. Obìnrin ará Ṣúnémù tí Èlíṣà jí ọmọ rẹ̀ dìde ni. Ìyàn lé e kúrò nílé, ó sì gbé ilẹ̀ àwọn Filísínì fún ọdún 7. Ìgbà tó máa padà dé, ilé àti oko rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó gbọ̀nà ààfin, ó lọ ké sí ọba. Ní wákàtí yẹn gan-an, Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, ló wà lọ́dọ̀ ọba, tó ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu Èlíṣà fún un. Ó ti dé orí ọmọ tó kú tó sì jí, ni ìyá ọmọ bá wọlé, tòun tọmọ! Ká ní ó yà kí ẹnìkan lọ́nà, ẹjọ́ ilẹ̀ lásán ni ì bá dà. Ọba ní kí ìwẹ̀fà kan tẹ̀ lé e, kí wọ́n dá ohun gbogbo padà fún un, títí kan èso oko láti ọjọ́ tó ti kúrò. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó tún yẹ kí wọ́n kọ ọ́ ni?

Ṣùgbọ́n o mọ ìyá mi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré. Bó ṣe kúrò ní Támálè nìyẹn, tòun ti àpótí irin kan. Ó délé, ẹlòmíràn ti kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó kú láì rí i gbà. Bí mo bá ti ka ẹsẹ 6, mo máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Géhásì tiwa dà?

Ibòmíràn tó ń dì mí mú ni Jẹ́nẹ́sísì 37, ẹsẹ 15. Jósẹ́fù ń rìn kiri nínú pápá ní Ṣékémù, kò rí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin kan, tí wọn ò dárúkọ rẹ̀, ló júwe Dótánì fún un. Bí kò bá pàdé onítọ̀hún, ì bá padà sílé ní Hébrónì láyọ̀. Dótánì ni kòtò tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù ú sí wà. Tún wo orí 42, ẹsẹ 21: ibẹ̀ la ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Jósẹ́fù ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ọlọ́run gbọ́ ní tirẹ̀, kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà; wọ́n tà á, ó bá ara rẹ̀ ní Íjíbítì. Ó tó ọdún 22 kí bàbá àti ọmọ tó fojú kan ara wọn, ìyàn sì ti mú nígbà náà, Jósẹ́fù ló di kọ́kọ́rọ́ àká mú.

Torí pé ìyá mi ò rílẹ̀ dáko ló ṣe gba ìsọ̀ ní Owódé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá rẹ. Abẹ́ tábìlì wọn ni èmi àti ìwọ ti ń pín ẹ̀kọ jẹ. N ò sọ pé torí ìyẹn ni ilẹ̀ ṣe bọ́. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ẹkún gbà mí lálẹ́ Àìkú, ìwọ ni mò ń sun ún fún.

Àwa obìnrin ìjọ yóò kó ọ̀rọ̀ ìwé yín síwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti lọ èlùbọ́ fún ọ, mo ń wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti pè yín, má wo aago ibí. Jí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Fẹ́mi