Apòògùn kan ṣoṣo lóru

Sí Olóòtú,

Apòògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni mí, mo sì ń ṣe ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ tó jẹ́ dandan ní ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì, níbi tó jẹ́ pé èmi nìkan ló máa ń wà nídìí òògùn lóru. Láìpẹ́ yìí, iná lọ ní aago méjì òru, bí mo sì ṣe ń ṣọ́ fíríìjì ínsúlíìnì, òògùn àtọ̀gbẹ tí kò gbọdọ̀ gbóná ju 8°C lọ, ni mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ka òògùn tí dókítà kọ fún ọmọ ọwọ́ kan. Ojú mi rí 5 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n òògùn náà. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo pe dókítà: 0.5 ni! Ìyá ọmọ ń pòṣé pé mo pẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Ẹ bá wa bẹ àwọn aláṣẹ, kí wọ́n fi apòògùn àgbà kan tì wá lóru, ì báà tiẹ̀ ṣe lórí fóònù.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan, Adó-Èkìtì