Lẹ́tà sí Bùrọ̀dá Wálé lórí fọ́tò tí wọ́n rí àti owó fírísà

Houston, Texas
Oṣù Kẹrin

Bùrọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mi ò lè fi ohùn dá yín lóhùn, torí tí mo bá ní kí n máa fẹnu sọ ọ́, ẹkún ni màá fi parí ẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ ní mò ń jẹ akàn l'Amẹ́ríkà nígbà tí ẹja Màmá ń bàjẹ́ lọ́jà Olúwo torí pé wọn ò ní fírísà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ tún wá mú fọ́tò tí mo gbé síta, níbi tí mo jókòó ti oúnjẹ, lọ han Màmá. Kí lẹ fẹ́ kí Màmá fi ṣe, Bùrọ̀dá? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọn kì í sùn tí nǹkan bá ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kọ́bọ̀ mi ò sí nínú oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà.

Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ló ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ọmọ New Orleans ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Louisiana tó bá Texas tiwa pààlà. Ìjì Katrina ló lé wọn kúrò níbẹ̀ ní August 2005, nígbà tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà wà lábẹ́ omi. Bọ́ọ̀sì ló kó wọn wá sí Houston. Inú pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ń pè ní Astrodome ni wọ́n kọ́kọ́ sùn, àwọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, lórí bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò síra. Wọn ò padà sílé mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọjọ́ ìbí, wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn lọ jẹ oúnjẹ ìlú àwọn, kò sí nǹkan mìíràn. Ọmọ wọn obìnrin ní òun á sanwó. Ṣùgbọ́n ìyá ò lè dá rìn, oúnjẹ sì máa ń há wọn lọ́fun. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń bù ú fún wọn, bí wọ́n á ṣe jókòó, ìgbà tó yẹ kí wọ́n mu omi. Wọ́n ní àfi kí n tẹ̀ lé àwọn. Ilé iṣẹ́ mi ka wákàtí wọ̀nyẹn mọ́ wákàtí iṣẹ́, wọ́n sì sanwó ẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ rí i báyìí? Owó wọlé fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, kò jáde.

Àwọn nǹkan pupa tó kún inú tìrée níwájú mi kì í ṣe akàn. Crawfish ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wo edé ńlá tó yá ọwọ́ akàn lò. Odò ló ń gbé, kì í ṣe òkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja àrọ̀ á sì fẹ́ gbọ́ èyí: inú oko ìrẹsì ni wọ́n ti ń sìn ín ní Louisiana. Tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tán, wọ́n á tún da omi bo oko náà, crawfish á máa jẹ nínú pòròpórò ìrẹsì tó ń rà. Tó bá di January, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o títí di nǹkan bíi June. Ilẹ̀ kan náà ló ń mú méjèèjì wá. Ṣùgbọ́n omi ni gbogbo ẹ̀: lọ́dún 2023 tí ọ̀gbẹlẹ̀ dá, ilẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lórí nínú ihò, ló bá di ọ̀wọ́n gógó lọ́dún kejì. Ilẹ̀ àkùrọ̀ Bàámi ni mò ń rò bí ọmọ Ìyá àgbà ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀. Ṣé ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, àbí ó ṣì wà bẹ́ẹ̀?

Wọ́n fi iyọ̀, aáyù àti ata gígún sè é, pẹ̀lú àgbàdo, pòtétò àti sọ́séèjì, wọ́n wá dà á sílẹ̀ gbòòrò. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n á yí orí kúrò lára ìrù, wọ́n á fa orí mu torí ibẹ̀ ni ọ̀rá rẹ̀ wà, kí wọ́n tó bó èèpo ìrù. Èmi ni mò ń bó o fún Ìyá àgbà, mò ń gé e wẹ́wẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá dúró, ó ń wo ọwọ́ mi, ó bi mí bóyá ọmọ Louisiana ni mí. Mo ní rárá o, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, edé ni ìyá mi ń tà. Ta ló kọ́ mi ní edé bíbó, Bùrọ̀dá? Ṣé kì í ṣe Màmá ni, lábẹ́ àtíbàbà l'Ólúwo, nígbà tẹ́yin wà nílé ìwé n'Íjẹ̀bú-Òde? Ata yẹn wọ abẹ́ èékánná mi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a níbẹ̀, ó ṣì ń ta mí.

Mo jẹun níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Wọ́n ní kí n jẹ, mo jẹ. Gumbo ni mo jẹ. Wọ́n á yan fùláwà nínú òróró, wọn ò ní fọwọ́ kúrò lára ẹ̀ títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á da àlùbọ́sà sí i, àti tàtàsé tútù àti ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní celery, wọ́n á wá kó edé, akàn àti ilá sí i. Ilá, Bùrọ̀dá! Ilá tó ń yọ̀, lórí ìrẹsì funfun. Ọmọ Ìyá àgbà ní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló mú ilá dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ọdún 1719 ni ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Louisiana. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba èdè lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ṣì ń se ilá títí dòní. Ṣíbí mi dúró lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ìyá àgbà tí kì í jẹ ju ṣíbí díẹ̀ lọ láàárọ̀, wọ́n jẹ abọ́ yẹn tán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ọjọ́ aṣọ fífọ̀, ẹ̀wà pupa ló máa ń wà lórí iná ìyá àwọn, pẹ̀lú egungun ẹran ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n sọ̀rọ̀ Dooky Chase, ilé oúnjẹ tó ti wà ní New Orleans láti 1941, níbi tí ọkọ wọn ti máa ń gbé wọn lọ láyé ìgbà tí òfin ò jẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó jẹun pọ̀. Yàrá òkè níbẹ̀ ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi Martin Luther King ti ń ṣèpàdé. Leah Chase tó ń dáná fún wọn kú ní 2019, Ìyá àgbà sì ń dárò ẹ̀ bí ẹbí ara wọn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, ìdí tí mo fi gbé fọ́tò náà síta nìyẹn.

Dọ́là tẹ́ ẹ rí lórí tábìlì, kì í ṣe tèmi náà. Owó tí ọmọ Ìyá àgbà fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá ni. Níbí, òfin gbà kí ọ̀gá san 2 dọ́là àti sẹ́ńtì 13 péré ní wákàtí kan fún irú wọn. Ohun tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹni tó bá dìde láìfi nǹkan kan sílẹ̀, ó ti jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fírísà. Wọ́n dín wákàtí mi kù láti January, owó ilé ò sì dín. Síbẹ̀, mo fi owó ránṣẹ́ ní oṣù kejì. Ẹ ní kò tó, mo gbà pé kò tó. Ṣùgbọ́n ibo ló wà, Bùrọ̀dá? Mi ò ní kẹ́ ẹ wá máa ṣírò owó fún mi, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Màmá ló sọ fún mi lórí fóònù pé yìnyín làwọn ṣì ń rà lójoojúmọ́, pé àwọn ò gbọ́ pé owó kankan wọlé. Báwo ni wọn ò ṣe gbọ́?

Èyí tó kù á wọlé ní ìparí oṣù yìí. Mi ò gbàgbé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi gba nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tó ń ta fírísà náà, kẹ́ ẹ sì bi í ní iye tó ń tà á gan-an. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni màá san án sí tààrà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré sí i, torí fírísà láìsí iná, kí ni Màmá fẹ́ fi ṣe?

Ẹ jókòó ti Màmá, kẹ́ ẹ ka lẹ́tà yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ibi fírísà. Màá pè lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni àbúrò yín,
Fúnkẹ́