Pegolotti ò dé Ṣáínà o, Olóòtú

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Francesco Pegolotti, ará Florence ní Ítálì, tó kọ ìwé atọ́nà fáwọn oníṣòwò láyé àtijọ́. Inú mi dùn sí i, torí òṣèlú àti bọ́ọ̀lù ti gba gbogbo ojú ewé tán. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti pè é ní arìnrìn-àjò tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ṣáínà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí i? Bàbá yẹn ò dé Ṣáínà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Bardi ni, àwọn Bardi yìí ló ní ọ̀kan nínú àwọn báńkì tó tóbi jù ní Florence nígbà yẹn, wọ́n rán an lọ sí Antwerp, wọ́n tún rán an lọ sí London, ibẹ̀ ló ṣì wà ní 1320, nígbà tó di 1324 ó ti wà ní erékùṣù Kípírọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ sì rèé, ojú ọ̀nà ọjà ni, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ ló ń gbabẹ̀ kọjá, ó sì jọ pé ibẹ̀ ló ti ń bi wọ́n léèrè, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kódà òun fúnra ẹ̀ ò purọ́, ó sọ ọ́ nínú ìwé náà pé báwọn oníṣòwò tó ti rin ọ̀nà náà ṣe wí ni.

Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìwé náà dùn. Mo fi ọdún 28 kọ́ ọmọ ní Kọ́mẹ́ẹ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ní báyìí èmi àti ìyàwó mi la jọ ń ta ẹ̀wà àti gààrí n'Íbàdàn, mo sì ti rí i pé ẹni tó mọ ọjà kì í ṣe ẹni tó rìn jù, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ni. Ẹ wo bó ṣe ka ọ̀nà Ṣáínà yẹn. Láti Tana, létí òkun Azov, dé ìlú Astrakhan tó wà ní Rọ́ṣíà lónìí, ọjọ́ 25 ni tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà lẹ wọ̀, tó bá jẹ́ ti ẹṣin, ọjọ́ 10 sí 12. Ó ní kí olúwarẹ̀ dá irùngbọ̀n sí, kó má fá a. Kó ra ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ dání láti Tana, torí ní ti ẹran, ó pọ̀ lójú ọ̀nà. Kó gba ògbifọ̀, kó má sì tìtorí àtidín owó kù mú èyí tí ò mọṣẹ́, torí owó tó máa fi lé ti ẹni tó mọṣẹ́ ò tó èyí tẹ́ni náà máa bá a dá sí. Ṣé irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ là ń sọ fún ọmọ tó bá fẹ́ lọ ra ọjà ní ìlú Hausa?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé, ó ní ọ̀nà yẹn ò léwu lọ́sàn-án, kò léwu lóru, àmọ́ tí oníṣòwò bá kú sójú ọ̀nà, ọba ilẹ̀ tó kú sí ló máa kó gbogbo ẹrù ẹ̀, àfi tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí ẹnì kejì ẹ̀ tó bá sọ pé arákùnrin òun ni. Ẹ ò rí i pé ó ti la ọ̀nà fún wọn! Ẹni tí ò bá lẹ́gbọ̀n-ọ́n kó tètè wá ẹnì kan sọ di ẹ̀gbọ́n kó tó gbéra.

Ó tún sọ pé tẹ́ ẹ bá dé Ṣáínà, ọba á gba fàdákà yín, á fún yín ní bébà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, òun lẹ máa ná, pé torí ó jẹ́ bébà kọ́ ni wọ́n á fi bù lé ọjà fún yín. Èmi tí mo to ìlà láti aago mẹ́rin ìdájí níwájú báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, mi ò lè sọ nǹkan kan sí ìyẹn.

Àṣìṣe kejì. Ẹ kọ ọ́ pé ata "pọ́n-ùn 100". Pọ́n-ùn ti ibo? Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn fi gbogbo ìwé ẹ̀ sọ nìyẹn, ẹ wá fò ó dá! Pọ́n-ùn ti Florence súnmọ́ gíráàmù 340. Venice nìkan ní méjì, kékeré tó jẹ́ bíi gíráàmù 301 tí wọ́n fi ń wọn ata àti nǹkan olówó iyebíye bẹ́ẹ̀, àti ńlá tó jẹ́ bíi 477 fún irin àtàwọn ẹrù tó wúwo. Ìlú kan náà o. Ojú ewé lórí ojú ewé, ohun tó ń ṣe ò ju pé 100 ti ìlú báyìí, mélòó ló máa jẹ́ tó bá dé ìlú tọ̀hún. Ẹni tí ò bá tajà rí lè ní kò dùn, àmọ́ ẹ bi ìyàwó mi. Lọ́dún kan a ra ẹ̀wà kóńgò 20 ní ọjà oko kan, ojú wa báyìí ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, obìnrin yẹn tiẹ̀ tún fi ènì bíi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta lé e, inú wa ń dùn. A délé, a fi kóńgò tiwa wọ̀n ọ́n, 17 àti díẹ̀. Àṣé wọ́n ti lu ìdí kóńgò yẹn wọlé, ó rí kodoro sínú bí ìdí ìgò wáìnì, ènì tó ṣe fún wa, lára ẹ̀wà wa ló ti bù ú.

Àwọn baba wa náà ṣáà ní tiwọn tí wọ́n fi ń ka owó, ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá tí wọ́n ń pè ní orí kan, orí mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, kò sí ìwé, orí ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sí.

Ẹ tún ní ìwé yẹn ló sọ àwọn Bardi dolówó. Rárá o. Wọ́n ti lówó tipẹ́, nígbà tó sì fi máa di 1346, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán, wọ́n ti wọko gbèsè, owó tí wọ́n yá Edward Kẹta ọba England wà lára ohun tó gbé wọn ṣubú. Kò sí ìwọ̀n tó gba èèyàn lọ́wọ́ oníbàárà tí ò ní san owó. Ìwé náà ló pẹ́ ju báńkì lọ, ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ ní 1472 ṣì wà ní yàrá ìkàwé kan ní Florence dòní.

Nítorí náà ẹ bá mi tún gbólóhùn Ṣáínà yẹn ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ kọ nípa ìwọ̀n, ẹ rán ọmọ iṣẹ́ yín kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ìyàwó mi ní òun máa jẹ́ kó wọn gààrí pẹ̀lú kóńgò méjì kó fojú ara ẹ̀ rí i, tiwa àti tobìnrin ọjọ́sí. Bẹ́ẹ̀ ni, kóńgò yẹn wà lọ́wọ́ wa, ìyàwó mi padà lọ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin yẹn sì ná an lówó dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Kọ́mẹ́ẹ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.